Láti Rélùwéè dé Pápá Agége: Ta ló ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Èkó?

Ẹ wá sí Agége lọ́jọ́ Sátidé tí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá wà. Láti Pẹ́ẹ̀nì Sinimá dé Ìyànà Ìpájà, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ló máa ń kún bámúbámú. Arsenal lápá ọ̀tún, Chelsea lápá òsì, àwọn Man U á máa pariwo láàrin. Mo jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo bi ọmọkùnrin kan tó wọ jẹ́sì Arsenal pé, ẹgbẹ́ tiwa ní Èkó ńkọ́, èwo ló ń tì lẹ́yìn? Ó wò mí títí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé Èkó náà ní tíìmù ni?”

Ó ní, àbúrò mi. Ó sì ti ní àwọn tó lágbára gan-an. Ẹgbẹ́ Èkó ló kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ tó lókìkí jù ní Nàìjíríà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ife líìgì náà ti wọ Èkó: 1991, 1992 àti 2000. Àmọ́ látìgbà tí 2000 ti kọjá, a ò tún fojú kàn án mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti sin ìjọba tán, ó ti ń wá iṣẹ́ báyìí.

Kí ló fà á? A ò ṣàìní agbábọ́ọ̀lù; àwọn ọmọ Èkó wà káàkiri ayé tí wọ́n ń gbá a. A ò sì ṣàìní owó; ẹ wo iye ilé-iṣẹ́ àti báńkì tó wà níbí. Èrò tèmi ni pé, nínú ìlú yìí, ẹni kan tàbí ilé-iṣẹ́ kan ló sábà máa ń di ẹgbẹ́ mú. Bí onítọ̀hún bá kú, tó bá kógbá sílé, tàbí tó bá kàn ní òun ò ṣe mọ́, ẹgbẹ́ náà ń bá a lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Rélùwéè, ọkọ̀ ojú omi àti iná mànàmáná

Ọdún 1945 ni ìdíje Governor's Cup bẹ̀rẹ̀. Òun ló di Challenge Cup lẹ́yìn òmìnira, òun náà ló wá di FA Cup. Ẹgbẹ́ Marine ti Èkó ló kọ́kọ́ gbà á. Lọ́dún kejì, Railway ti Èkó gbà á. Láti 1945 títí dé 1951, kò sọ́dún tí ife yẹn jáde kúrò ní Èkó. Railway nìkan gbà á lẹ́ẹ̀meje: 1946, 1948, 1949, 1951, 1956, 1957 àti 1964.

Ẹ wo àwọn orúkọ yẹn dáadáa. Marine ni àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi. Railway ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ilé-iṣẹ́ wọn wà ní Èbúté Mẹ́tta. ECN, tó gba ife ní 1960, 1965 àti 1970, ni ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tó padà di NEPA. Àwọn Ọlọ́pàá náà gbà á ní 1962. Ibi iṣẹ́ ni bọ́ọ̀lù Èkó ti dàgbà.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Bọ́ọ̀lù ò tíì di iṣẹ́ oṣù nígbà yẹn. Bí ọ̀gá kan bá rí ọmọkùnrin tó mọ̀ ọ́n gbá, á fún un níṣẹ́: akọ̀wé, mẹkáníìkì, aṣọ́nà. Bó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jẹ́ kó tètè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kó lè lọ sí pápá. Owó oṣù rẹ̀ ń wọlé, bàtà àti jẹ́sì ti ilé-iṣẹ́ ni. Bí orúnkún rẹ̀ bá sì bàjẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà ńbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ń jèrè tiẹ̀: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ ẹgbẹ́ náà lórí rédíò, orúkọ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń dá.

Láàrin irú bọ́ọ̀lù yẹn ni Teslim Balogun ti dìde, ẹni tí wọ́n bí ní 1927, tí wọ́n ń pè ní “Thunder” nítorí bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni ń sán ààrá. Lọ́dún 1955 ó lọ sí Peterborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tibẹ̀ bọ́ sí Queens Park Rangers. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára pápá ìṣeré Sùúrùlérè tí gbogbo yín mọ̀.

Ọjọ́ Sátidé lójú ọ̀nà Ọba Akran

Ojú irin tí àwọn Railway ń bójú tó yẹn gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá. Ọdún 1901 ló ti so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn, ó gba Ìkẹjà, ó gba Agége. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn, tó ni Ìkẹjà nígbà yẹn, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá níbẹ̀. Ọdún 1967 ni Ìkẹjà tó wá sábẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó. Kó tó dìgbà yẹn, Guinness ti kọ́ ilé ọtí rẹ̀ sí Ìkẹjà ní 1962, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ tó kọ́ lẹ́yìn odi Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dunlop ń ṣe táyà, àwọn mìíràn ń ṣe aṣọ, ọṣẹ, ọ̀dà àti bisikí. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń gbé ní Agége, Ògbà àti Ìfàkò, níbi tí owó ilé ti rọjú díẹ̀.

Bàbá mi wà lára wọn. Ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọba Akran ló ti ń ṣiṣẹ́, n ò ní dárúkọ wọn. Ìdí ẹ̀rọ ló wà láàárọ̀, ẹ̀yìn lápá òsì ló wà ní Sátidé. Jẹ́sì rẹ̀ ní nọ́ńbà 3 lẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ kan á bá òmíràn gbá a, èyí tó bá gbẹ̀yìn á ra kréètì mínírà fún èyí tó borí. Èmi àti àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ yòókù máa ń jókòó sórí koríko, àwọn ìyá oníyan ẹ̀pà á máa kiri yí pápá ká. Bí bàbá mi bá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹnìkan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á pariwo “Ó ti ká a mọ́bẹ̀!” Lójú tèmi, kò sí agbábọ́ọ̀lù tó jù ú lọ.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ń kógbá sílé. Epo dísù ti wọ́n jù, ọjà òkèèrè tó pọ́kú ti kún ìgboro, ẹ̀rọ ti gbó. Wọ́n pín nǹkan tó kù. Bàbá mi gba jẹ́sì rẹ̀ àti bọ́ọ̀lù kan tí kò gbafẹ́fẹ́ dúró mọ́. Sátidé tó tẹ̀lé e, ó múra bí ẹni tó fẹ́ jáde, ó jókòó sí iwájú ilé, kò lọ síbì kankan.

Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tiwọn nìkan. Ní 2008, Dunlop pàápàá dá ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà. Ẹ gba Ọba Akran kọjá lónìí, ẹ óò rí i pé ọ̀pọ̀ ọgbà tí wọ́n ti ń fọn fèrè iṣẹ́ láyé ọjọ́sí ti di ibi ìkẹ́rùsí, ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn àríyá. Ta ló fẹ́ ra bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ tí kò níbi iṣẹ́ mọ́?

Stationery Stores: ẹgbẹ́ tó ní èrò

Ọ̀nà kejì tí ẹgbẹ́ ń gbà wáyé ni ti olówó tó nífẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù. Israel Adebajo, oníṣòwò tó ń ta ìwé àti ohun èlò ọ́fíìsì, ló dá Stationery Stores sílẹ̀ ní 1958. Orúkọ ilé ìtajà rẹ̀ ló fún ẹgbẹ́ náà. Àwọn ará Èkó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n ń pè wọ́n ní “Adebajo Babes”. Bí wọ́n bá ní Stores fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Oníkan, ọjà á dákẹ́.

Wọ́n gba Challenge Cup ní 1967, wọ́n tún gbà á ní 1968. Lọ́dún 1968 yẹn kan náà, Nàìjíríà lọ sí Olympics ní Mẹ́síkò, àwọn ọmọ Stores sì wà lára àwọn tó lọ. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti bá Brazil gbá ọ̀mì, gólì 3 sí 3. Lẹ́yìn wọn ni Haruna Ilerika dé, ẹni tí àwọn àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dòní, pé bọ́ọ̀lù máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́.

Adebajo kú ní 1969. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kú lọ́jọ́ yẹn. Ní 1981, wọ́n dé àṣekágbá ìdíje Cup Winners' Cup ti Áfíríkà, Union Douala ti Cameroon ló gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n gba Challenge Cup ní 1982 àti 1990. Ní 1992, wọ́n gba líìgì.

Mo rántí 1992 dáadáa. Bàbá mi gbé rédíò sórí wíńdò, àwọn ará àdúgbò sì pé jọ sábẹ́ rẹ̀. Ó ń sọ fún wa pé Stores ò ní í rẹ̀yìn mọ́ láé. Àmọ́ kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹgbẹ́ tó gba líìgì fi já kúrò láàrin àwọn àgbà. Ọ̀rọ̀ ta ló ni ẹgbẹ́, ta ló láṣẹ lórí rẹ̀, ló dé ilé-ẹjọ́. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbìyànjú láti jí i dìde látìgbà yẹn, àmọ́ kò tíì padà síbi tó wà.

Àwọn àgbà ní, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Èrò tó ń tì Stores lẹ́yìn pọ̀ lọ jàra. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èrò yẹn, kò sí ẹni tó ní ìwé kan lọ́wọ́ tó sọ pé òun náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ni ẹgbẹ́. Nígbà tí ìjà dé, ẹkún nìkan ni wọ́n lè sun.

Julius Berger: ẹgbẹ́ tó ní ilé-iṣẹ́

Ọdún 1972 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Julius Berger sílẹ̀, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ afárá àti ọ̀nà. Ẹgbẹ́ yìí kò ní èrò bíi ti Stores, ṣùgbọ́n owó oṣù ń jáde, ètò sì wà. Wọ́n gba líìgì ní 1991 àti 2000, wọ́n gba ife FA ní 1996 àti 2002. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dé àṣekágbá Cup Winners' Cup ti Áfíríkà: ní 1995, JS Kabylie ti Algeria borí wọn, ní 2003, wọ́n fi gólì 2 sí òdo na Étoile du Sahel nílé, wọ́n dé Tùnísíà, wọ́n jẹ gólì 3 sí òdo.

Ẹ wo àwọn tó gba ọwọ́ wọn kọjá: Sunday Oliseh, Taribo West, Yakubu Aiyegbeni, àti Emmanuel Amuneke, ẹni tó jẹ gólì méjèèjì tí Nàìjíríà fi gba ife Áfíríkà ní 1994 lọ́wọ́ Zambia. Ilé ẹ̀kọ́ ni ẹgbẹ́ yẹn jẹ́.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà yọwọ́. Wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ sí Bridge, ó já wálẹ̀, ó sì parẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ fún ọmọ ogún ọdún lónìí, ibùdókọ̀ ló máa rò pé mò ń sọ.

Kì í ṣe Èkó nìkan

Àrùn yìí ò mọ ààlà. Leventis United ti Ìbàdàn gba líìgì ní 1986. Nígbà tó di 1987, wọ́n ti tú u ká. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987, òun náà ti di ìtàn.

Àní ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Atlanta. Ẹ bi wọ́n nípa họ́kì orí yìnyín, eré tí wọ́n ń wọ bàtà onírin sáré lórí omi dídì, tí wọ́n ń fi igi gbá nǹkan dúdú pẹlẹbẹ sínú àwọ̀n. Atlanta ní ẹgbẹ́ kan, Flames, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1972, ọdún kan náà tí Julius Berger bẹ̀rẹ̀. Ní 1980, wọ́n tà á, wọ́n kó o lọ sí Calgary ní Kánádà. Ìlú náà tún rí òmíràn, Thrashers, ní 1999. Ní 2011, wọ́n tún ta ìyẹn, wọ́n kó o lọ sí Winnipeg. Ìlú olówó ni Atlanta, èrò sì wà ńbẹ̀. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ ló tà á, kò sí ohun tí òǹwòran lè ṣe sí i.

Ẹ wá fi wé Jámánì. Níbẹ̀, òfin líìgì wọn sọ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ìyẹn àwọn ará ìlú tó ń san owó ọdọọdún, ló gbọ́dọ̀ ní ìbò tó ju ìdajì lọ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹgbẹ́. Olówó lè kówó wá, àmọ́ kò lè dá ta ẹgbẹ́ lóru kí ilẹ̀ tó mọ́. Barcelona tí ẹ̀yin kan ń tì lẹ́yìn pàápàá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ín, àwọn ló ń dìbò yan ààrẹ rẹ̀.

Ìgbà tí Agége jí

Ká padà sílé. Ọdún 2007 ni ìjọ Mountain of Fire dá MFM FC sílẹ̀. Ní 2015, wọ́n wọ líìgì àgbà, wọ́n sì fi Pápá Agége ṣe ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lágbègbè yìí nígbà yẹn á rántí. Àwọn ọmọ tí kò wo bọ́ọ̀lù Nàìjíríà rí bẹ̀rẹ̀ sí í tò sẹ́nu géètì. Èmi náà lọ, mo mú bàbá mi dání. Ó ti dàgbà, ẹsẹ̀ ti ń dùn ún, àmọ́ nígbà tí ẹni tó wà lẹ́yìn lápá òsì gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹnìkan, òun ló kọ́kọ́ pariwo, “Ó ti ká a mọ́bẹ̀!”

Ní 2017, MFM ṣe ipò kejì ní líìgì, Plateau United nìkan ló lé wọn. Lọ́dún yẹn náà ni Stephen Odey ti ibẹ̀ lọ sí FC Zürich ní Switzerland. Ní 2018, wọ́n gbá Champions League ti Áfíríkà, wọ́n lé AS Real Bamako ti Màlì jáde kí MC Alger tó dá wọn padà. Ní 2022, wọ́n já kúrò ní líìgì àgbà. Ariwo Agége rọlẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn mìíràn tún dìde. Shola Akinlade, ọ̀kan lára àwọn tó dá Paystack sílẹ̀, dá Sporting Lagos sílẹ̀. Wọ́n fi Pápá Mobolaji Johnson ní Oníkan ṣe ilé, orin àti ijó ń bá bọ́ọ̀lù lọ, àwọn ọ̀dọ́ sì ya lọ bí omi. Wọ́n gòkè ní 2023, wọ́n já ní 2024. Bí wọ́n ṣe ń já bọ̀ ni Ikorodu City ń gòkè, kí Èkó má bàa ṣófo.

Inú mi dùn sí gbogbo wọn, mo sì ń kí àwọn tó ń náwó sí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi wọ́n kò ju ẹyọ kan lọ: lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ yín, ta lẹ máa gbé e lé lọ́wọ́? Bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọmọ Ìkẹjà àti Agége bá lè máa san owó táṣẹ́rẹ́ lọ́dún, kí wọ́n ní káàdì, kí wọ́n ní ìbò, ilé-iṣẹ́ lè lọ, olówó lè sinmi, ẹgbẹ́ á ṣì wà. Àjọ la ń dá fún aṣọ ẹbí àti fún ilẹ̀. Kí ló dé tí a ò lè dá a fún bọ́ọ̀lù?

Àwọn ọdún tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀

1945: Marine ti Èkó gba Governor's Cup àkọ́kọ́.
1946 sí 1964: Railway gba ife náà lẹ́ẹ̀meje.
1958: Israel Adebajo dá Stationery Stores sílẹ̀.
1972: Julius Berger bẹ̀rẹ̀.
1991: Julius Berger gba líìgì.
1992: Stores gba líìgì.
2000: Julius Berger tún gbà á, ẹgbẹ́ Èkó tó gbà á kẹ́yìn nìyẹn.
2017: MFM ti Pápá Agége ṣe ipò kejì.
2022: MFM já, Sporting Lagos bẹ̀rẹ̀.
2024: Sporting Lagos já; Ikorodu City gòkè.

Ohun kan kò sí nínú àkọsílẹ̀ yìí: àwọn ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń gbá a lọ́jọ́ Sátidé ní Ọba Akran, Agídíngbí àti Ògbà. Orí àwọn bàbá wa ni ìtàn wọn wà, àwọn bàbá náà sì ń dínkù. Bí bàbá yín tàbí bọ̀ọ̀dá yín àgbà bá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kankan lágbègbè yìí, ẹ bi wọ́n lálẹ́ òní: ta ló wà nígòólì, ta ló ń jẹ gólì, àwọ̀ wo ni jẹ́sì yín? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi ti kọ ti ilé-iṣẹ́ bàbá mi. Àwọ̀ ewé àti funfun ni. Jẹ́sì nọ́ńbà 3 ṣì wà nínú àpótí màámi.